Ìwé Kíká Kó Tó Di Ìwé Kíkà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Eré àti Ewì Ayé Elizabeth

Ẹ̀yin olùkọ́ Lítíréṣọ̀, ẹ̀yin òṣèré, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó.

Ní Dulwich, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí kò jìnnà sí Peckham níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí òṣèré kan dá sílẹ̀ ní 1619. Edward Alleyn lorúkọ rẹ̀. Òun ló ṣe Tamburlaine, òun náà ló ṣe Faustus, nínú àwọn eré tí Christopher Marlowe kọ. Lára àwọn ìwé tó fi sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ náà ni bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ínṣì 6 lọ. Ọ̀rọ̀ Orlando ló wà nínú rẹ̀, láti inú eré Orlando Furioso tí Robert Greene kọ. Ọ̀rọ̀ Orlando nìkan o. Ohun tí àwọn yòókù ń sọ kò sí níbẹ̀. Ìlà gbọọrọ kan ni akọ̀wé fà, ó kọ ọ̀rọ̀ kan, méjì tàbí mẹ́ta sí ìparí rẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Orlando tún bẹ̀rẹ̀. Níbi tí akọ̀wé fi àlàfo sí, Alleyn fúnra rẹ̀ ló mú kálàmù tó fi kún un.

Irú bébà báyìí ni òṣèré ń gbà nígbà ayé Elizabeth Kìíní, ọbabìnrin England. Wọ́n á lẹ ọ̀kan mọ́ ìdí ọ̀kan títí á fi gùn, wọ́n á sì ká a bí ẹni ká ẹní. Ti Orlando yìí nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn òṣèré England ìgbà náà tí wọ́n ń fi eré jẹun. Àwọn yòókù ti gbó, wọ́n ti ya, iná ti jó òmíràn.

Ohun tí mo gbé wá kò ju èyí lọ: àwọn eré wọ̀nyí ti jẹ́ ìwé kíká kí wọ́n tó di ìwé kíkà. Ẹni tó bá ń kọ́ wọn bí ìwé kíkà nìkan ń pàdánù ohun tó dùn jù nínú wọn. A Midsummer Night's Dream tí William Shakespeare kọ ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ. WAEC ló yàn án fún ọdún 2021 sí 2025, ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà nílé ọ̀pọ̀ nínú yín. Inú eré náà gan-an la sì ti rí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà tí wọ́n ń kọ́ eré. Quince, gbẹ́nàgbẹ́nà, pín bébà fún wọn, ó ní kí wọ́n ti há a sórí kó tó di alẹ́ ọ̀la. Snug bẹ̀bẹ̀ pé bí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ kìnnìún, kí wọ́n tètè fún òun, torí òun kì í tètè mọ nǹkan sórí. Quince ní kó fọkàn balẹ̀, bíbú ramúramù nìkan ni iṣẹ́ kìnnìún. Àwọn tó kọ́kọ́ wo eré yìí mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí.

Kí ló dé tí wọn kò fún olúkúlùkù ní odindi eré? Ẹ wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Philip Henslowe, tó kọ́ ilé ìṣeré Rose ní 1587, ní ìwé ìṣirò owó kan tí òun náà wà ní Dulwich títí dòní. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ òṣèré kan lè ṣe eré lọ́jọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀, kó sì jẹ́ pé eré tòní yàtọ̀ sí tàná. Eré tuntun ń wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Nǹkan bí £6 ni wọ́n ń san fún òǹkọ̀wé lórí ọ̀kan. Eré kan lè lé ní ìlà 2,000, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń dà á kọ. Bí òṣèré 12 bá ní láti gba odindi, akọ̀wé máa kọ ju ìlà 24,000 lọ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Bébà lówó lórí. Odindi ẹ̀dà tó bá jábọ́ lọ́nà sì lè bọ́ sọ́wọ́ atẹ̀wé tàbí ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń dupò. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló pé, ọwọ́ ẹni tó ń dìwé mú ló máa ń wà lẹ́yìn ìtàgé. Òun àti bébà mìíràn tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, tó sọ ẹni tó ń wọlé, ohun tó mú dání àti ìgbà tí fèrè máa dún. Irú rẹ̀ kan wà ní Dulwich tí wọ́n dá ihò sí lókè kí wọ́n lè fi kọ́ ìṣó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fúnra wa. Ẹ mú ìran kìíní ní apá kẹta, láti ibi tí Quince ti ní kí Pyramus sọ̀rọ̀ dé ibi tí Bottom ti padà wọlé pẹ̀lú orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Èèyàn mẹ́rin péré ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: Quince, Bottom tó ń ṣe Pyramus, Flute tó ń ṣe Thisby, àti Puck, iwin tó gbé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lé Bottom. Kíláàsì ọmọ 40 á pín sí ẹgbẹ́ 8, ẹni márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni karùn-ún ni yóò di odindi ìwé mú. Ẹ gé bébà A4 sí méjì ní gígùn, kí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ààbọ̀. Ẹ da ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo kọ síbẹ̀. Níbi tí ẹlòmíràn bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ fa ìlà, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí onítọ̀hún fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí ni màá máa pè ní ìpè, torí òun ló ń pe òṣèré pé ó ti kàn án. Bí bébà Bottom ṣe máa rí nìyí:

__________________ stand forth.
Thisby, the flowers of odious savours sweet,
__________________ odours, odours.
odours savours sweet:
So hath thy breath, my dearest Thisby dear.
But hark, a voice! stay thou but here awhile,
And by and by I will to thee appear.
Ó jáde.
__________________ never tire.
If I were fair, Thisby, I were only thine.

Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ń pè é síwájú ìpè. Àṣìṣe tí olùkọ́ tó láàánú ń ṣe jù nìyí. Ìgbà tí òṣèré bá mọ ẹni tó máa pè é ni yóò yíjú sí onítọ̀hún, yóò sì di etí sí àwọn yòókù. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo ẹni tó wà lórí ìtàgé ni yóò máa tẹ́tí sí, ojú rẹ̀ yóò sì wà lójúfò bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí pé ìgbà àkọ́kọ́ náà ló jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ìpè gùn ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Tó bá gùn, òṣèré á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìpè dípò kó gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo ibi tí ó ti ń bàjẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Ìpè tó yẹ kó mú Bottom padà wọlé ni "never tire". Ó ti jáde, ó ń gbé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sórí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Nǹkan bí ìlà 15 péré ló ní láti fi ṣe é. Ṣùgbọ́n Flute, tí kò tíì ṣeré rí, ka gbogbo bébà rẹ̀ láìdúró, ó ka "never tire", ó sì bọ́ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Quince bá a wí pé ó ti ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, tòun ti ìpè, ó ní Pyramus ti pẹ́, ìpè rẹ̀ ti kọjá, "never tire" ni. Ìgbà kejì. Flute wá padà tún un sọ. Ìgbà kẹta. Òṣèré tí bébà Bottom wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò gbọ́ ọ. Bó bá wọlé ní àkọ́kọ́, orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè má tíì dúró dáadáa, ọ̀rọ̀ Quince á sì ṣòfò. Bó bá wọlé ní ìkejì, yóò gba ọ̀rọ̀ mọ́ Quince lẹ́nu. Simon Palfrey àti Tiffany Stern, tí wọ́n gbé ìwádìí wọn lórí àwọn bébà òṣèré yìí jáde ní 2007, fi hàn pé irú ìpè tó ń tún ara rẹ̀ sọ báyìí pọ̀ nínú iṣẹ́ Shakespeare, àti pé ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi òṣèré sínú wàhálà ni. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ṣe é láìsí àmì kankan. Nígbà kejì ni kí ẹni tó dìwé mú dúró ti ìlẹ̀kùn, kó di Bottom mú léjìká títí ìpè kẹta á fi dún. Ẹ ò ní í tún ní láti ṣàlàyé iṣẹ́ ẹni tó ń dìwé mú fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìyẹn.

Ìtàgé náà nílò ìwọ̀n. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi kọ́ ilé ìṣeré Fortune ní 1600 ṣì wà. Peter Street ni gbẹ́nàgbẹ́nà tó gba iṣẹ́ náà ní £440, òun kan náà tó tú ilé ìṣeré The Theatre palẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 1598, tí wọ́n fi pákó rẹ̀ kọ́ ilé ìṣeré Globe. Ìtàgé Fortune fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 43, ó sì yọ síwájú dé àárín àgbàlá, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 27 ààbọ̀. Lórí pápá ilé ẹ̀kọ́, ẹ fi okùn wọn mítà 13 ní fífẹ̀ àti mítà 8 lé díẹ̀ síwájú, kí ẹ fi eérú sàmì sí i. Ẹ fi àga méjì méjì ṣe ìlẹ̀kùn lẹ́yìn, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Kí àwọn òǹwòran dúró sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Àwọn tó san pẹ́nì kan ló ń dúró bẹ́ẹ̀ nínú àgbàlá. Thomas Platter, àlejò láti Switzerland tó wo eré ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1599, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó á fi pẹ́nì kan sí i, ẹni tó bá fẹ́ tìmùtìmù á tún fi òmíràn kún un.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé ọ̀nà jìn láti ẹnu ìlẹ̀kùn dé iwájú. Òṣèré wa sábà máa ń gbọ́ ìpè, á rìn dé àárín, á wá dúró kó tó sọ̀rọ̀. Àlàfo á là, eré á tutù. Orí ìrìn ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má sì pa iná. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ eré, oòrùn wà lókè, bẹ́ẹ̀ ni Oberon, ọba àwọn iwin, dé tó ń kí Titania aya rẹ̀ pé "Ill met by moonlight". Ọ̀rọ̀ ẹnu ló tan òṣùpá. Bí ẹ bá fi iná aláwọ̀ búlúù ṣe òṣùpá fún un, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìlà ewì, torí ibẹ̀ ló ń ṣòro fún àwa tí a sọ Yorùbá dàgbà, ibẹ̀ náà sì ni a ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí a kì í sábà lò. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa. Ìwúwo ló ń lò: sílébù kan á wúwo, á sì gùn, èyí tó tẹ̀ lé e á fúyẹ́, á sì kúrú. Ìlà tí Shakespeare àti Marlowe lò jù ní sílébù 10: èyí tó fúyẹ́ á ṣíwájú, èyí tó wúwo á tẹ̀ lé e, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Henry Howard, Earl of Surrey, ló kọ́kọ́ lò ó ní Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ kí ìparí ìlà bára wọn dọ́gba, nígbà tó ń túmọ̀ ewì Virgil. Marlowe ló sọ ọ́ di ohùn àwọn ilé ìṣeré ìgboro, láti ìgbà Tamburlaine, ní nǹkan bí 1587.

Ẹ wá tẹ́tí sí àwọn ọ̀rọ̀ tá a ti yá lò: tíṣà, lọ́yà, kọ̀ǹpútà. Sílébù tó wúwo nínú Gẹ̀ẹ́sì ni etí wa fún ní ohùn òkè. Etí wa ti mọ ìwúwo tipẹ́, a kàn ń fi ohùn pè é ni. Nítorí náà, ẹ pe "ìlú" lẹ́ẹ̀marùn-ún: ìlú, ìlú, ìlú, ìlú, ìlú. Ìlà kan ti pé. Ẹ fi "The course of true love never did run smooth" lé e. "The course" jẹ́ ìlú kan, "of true" ìkejì, "love nev-" ìkẹta, "-er did" ìkẹrin, "run smooth" ìkarùn-ún. Ọ̀rọ̀ "never" pín sí méjì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, torí ìlù kì í dúró de ìparí ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ mú ìlà tó yí padà. Lysander ń sọ bí ìfẹ́ ṣe ń yára kọjá lọ: "Swift as a shadow, short as any dream". Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìlú mọ́, tíṣà ni: tíṣà, ìlú, ìlú, ìlú, ìlú. "Swift" já wọlé lójijì bí ohun tó ń sọ. Nígbà tí àwọn iwin bá sì ń pe ọfọ̀, sílébù 7 ni wọ́n sábà ń lò, èyí tó wúwo ló sì ń ṣíwájú: "Through the forest have I gone". Ẹ pe tíṣà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá gé ìkẹrin sí ìdajì. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní tiwọn kì í lo ìlà rárá bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún kọ ọ́ sí pátákó fún un.

Ìkìlọ̀ méjì ló kù níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ohùn òkè kì í ṣe ìwúwo gan-an. Àkàbà tá a fi gùn ún ni. Bí òṣèré bá gbé ohùn sókè ní ọgbọọgba lórí sílébù márààrún, yóò dà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń ka àkọ́sórí. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ lu tábìlì sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ yan méjì tàbí mẹ́ta tí ìtumọ̀ wà lórí wọn, kí àwọn yòókù rọra kọjá. Èkejì, a máa ń fún "of", "the" àti "to" ní gígùn kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńlá. Ibẹ̀ ni ìlà ti ń wó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kúrú.

Nígbà mìíràn, ìlà fúnra rẹ̀ ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Níbi tí Oberon ti ń sọ̀rọ̀ lórí wúńdíá kan tó wà lórí ìtẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé Elizabeth fúnra rẹ̀ ni, ó ní "And the imperial votaress passed on". Bí ẹ bá pe "passed" bí a ṣe ń pè é lónìí, ìlà á tiro. Sílébù méjì ni, "pass-èd", nígbà tí "the imperial" á sún mọ́ra di "th'imperial". Bẹ́ẹ̀ náà ni "eye" àti "melody" bára wọn dọ́gba ní ìparí ìlà nígbà náà, tí etí òde òní kò gbọ́ ọ mọ́. David Crystal, onímọ̀ nípa èdè, ló ṣe ìwádìí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Globe tí wọ́n tún kọ́, tó ṣílẹ̀kùn ní 1997, sì fi ìwádìí rẹ̀ ṣe Romeo and Juliet ní 2004.

Ilé ìṣeré kan náà ni wọ́n ti ṣe Ìtàn Ògìnìntìn ní 2012, nígbà tí wọ́n pe eré Shakespeare 37 jọ ní èdè 37. The Winter's Tale ni, eré tí Shakespeare kọ lẹ́yìn ikú Elizabeth. Renegade Theatre láti Èkó ló ṣe é ní Yorùbá, Olúwọlé Oguntokun sì darí rẹ̀. Leontes, ọba òjòwú, di Ṣàngó, ayaba rẹ̀ di Ọya, ọ̀rẹ́ rẹ̀ di Ògún. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò lé sílébù 10 kiri nínú èdè tí kò lo ìwúwo. Oríkì àti ìtàn tí òǹwòran ti mọ̀ ló ru ẹrù tí ìlà ewì ń rù ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ eré mìíràn, ibẹ̀ ni mo máa ní kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀, torí kí ẹ tó gé bébà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ ń dà kọ. Hamlet ní mẹ́ta: ti 1603 tó ní nǹkan bí ìlà 2,200, ti 1604 sí 1605 tó ní nǹkan bí 3,800, àti ti Folio, ìyẹn àkójọ ńlá ti 1623. Àwọn ọ̀mọ̀wé pe ti 1603 ní ẹ̀dà burúkú fún ìgbà pípẹ́, torí "To be, or not to be, I there's the point" ló wà níbẹ̀. Ní tèmi, ẹgbẹ́ tó ní wákàtí méjì àti òṣèré díẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú rénà rẹ̀. Ó yá lórí ìtàgé.

Midsummer náà kò bọ́. Quarto, ìyẹn ìwé kékeré tí eré kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, méjì ló gbé ọdún 1600 síwájú. Ní 1908, W. W. Greg wo àmì tí àwọn tó ṣe bébà fi sínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé àfi téèyàn bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ ló tó hàn. Ó rí i pé 1619 gan-an ni wọ́n tẹ ìkejì, wọ́n kàn purọ́ ọdún sí i ni. Lẹ́yìn náà ni Folio, tí John Heminge àti Henry Condell, àwọn òṣèré ẹlẹgbẹ́ Shakespeare, kó eré 36 jọ sí. 18 nínú wọn, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ wọ́n rí. Ìyàtọ̀ tó máa kan bébà yín gbọ̀ngbọ̀n nìyí: ní apá karùn-ún, Quarto ní Philostrate ló ń gbé ìwé tí orúkọ àwọn eré wà nínú rẹ̀ fún Theseus, olórí Athens, Folio gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn fún Egeus, bàbá Hermia. Bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ bá da ti Quarto kọ, tí ẹlòmíràn da ti Folio kọ, ẹni méjì á jọ dáhùn ìpè kan náà. Nínú ìran tá a fi ṣe àpẹẹrẹ pàápàá, ìlà tó sọ pé irú Pyramus yìí ṣàjèjì, Quince ni Quarto fún, Puck ni Folio fún. Kí gbogbo ẹgbẹ́ fẹnu kò lórí ọ̀kan kí àlùmọ́gàjí tó kan bébà.

Quarto àkọ́kọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí Bottom padà wọlé pẹ̀lú orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ohun tí àwọn yòókù pariwo lé lórí la fi mọ̀. Folio ló kọ ọ́ síbẹ̀: "Enter Piramus with the Asse head". Kò kọ "an Asse head", "the" ló kọ. Orí kan pàtó ni, èyí tó wà nínú àpótí ẹgbẹ́, tí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ti rí lójú ara rẹ̀ tí wọ́n ń gbé sórí òṣèré lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.